Ẹni Tó Wà Nídìí Ìrẹsì

Bí Bu Asih bá ti ìlú ńlá dé lọ́jọ́ Sátidé, kì í kọ́kọ́ wọlé. Yóò gbé alùpùpù rẹ̀ ti ògiri, yóò jókòó sórí àga onígi tó wà níwájú ilé, yóò sì bọ́ bàtà. Àwọn aládùúgbò tó ń kó kànáfùrù tí wọ́n sá sí etí títì yóò kí i, yóò sì dá wọn lóhùn láìgbé orí sókè. Ọ̀nà tó ti Sumberlor, abúlé wa, lọ sí yunifásítì gùn, ó sì kún fún kọ́nà. Orí òkè ni à ń gbé ní apá Trenggalek yìí, kò sì sí ibi tí ènìyàn fẹ́ lọ tí kò ní kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, kó tún gòkè, kó tún sọ̀kalẹ̀. Ní ìdájí ló ń jáde. Ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ló ń padà. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Murtiasih ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Bu ni à ń pe obìnrin tó bá ti tó ìyá ẹni, bí a ṣe ń pe ọkùnrin ní Pak. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa, láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣì jẹ́ yàrá mẹ́ta tí òjò ń jò sí. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀pẹ ní Kalimantan lókè òkun, ìgbà ọdún ìtúnu ààwẹ̀ nìkan ni a máa ń rí i. Nítorí náà, bí Bu Asih bá wọlé nírọ̀lẹ́ Sátidé, òun nìkan ni yóò gbé omi kaná, òun nìkan ni yóò sì jẹ tẹ́ńpè, àkàrà ẹ̀wà sóyà, tó kù láti àná.

Kì í ṣe ipò ló gbé e padà sí ilé-ìwé nígbà tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé lọ́dọọdún, ibì kan náà ni àwọn ọmọ kan ti máa ń dúró, bó ti wù kó yí àlàyé padà tó. Bí o bá kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún wọn, wọn á ṣe é. Bí ó bá di ìtàn, tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni yóò yọ nọ́ńbà jáde, tí wọ́n ní láti mọ èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀lé e, wọn á dúró bí ewúrẹ́ tó dé etí odò. Ó fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè kan péré ló gbé lọ sí yunifásítì, wọ́n sì di ẹrù tó pọ̀ lé e lórí.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, sáà kan ṣoṣo ló kù fún un. Òfin wọn ni pé ẹni tí kò bá gboyè láàárín ọdún mẹ́rin, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, gbogbo Sátidé tó ti ná á sì di omi tí a dà sórí yanrìn. Ó ti ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ tán. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ nìkan ló kù.

Ìwádìí náà dá lórí ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu gbogbo olùkọ́ láti ìgbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun ti dé, ìyẹn ni kí ọmọ máa ronú bí ẹni tó ń rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́. Wọ́n ti kó gbogbo àwa olùkọ́ jọ sí gbọ̀ngàn kan lórí ọ̀rọ̀ náà rí, wọ́n fún wa ní ìpápánu, wọ́n sì ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ìrònú náà fi ń rìn. Kí ọmọ pín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́. Kí ó rí ohun tó jọ ara wọn nínú rẹ̀. Kí ó fi ohun tí kò kan ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kí ó wá to ìgbésẹ̀ rẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn tó bá tẹ̀lé e yóò dé ibi tí òun náà dé. Àwọn kan nínú wa sùn. Bu Asih kò sùn. Ó ní bí a ṣe ń kọ́ ìyàwó tuntun ní oúnjẹ ṣíṣe náà nìyẹn.

Pak Hendarto, ọ̀mọ̀wé tí à ń pè ní dókítà, tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì, sọ pé ìyẹn nìkan kò tó. Ó ní kó fi bí ojú inú ọmọ ṣe ń wo nǹkan kún un. Àwọn onímọ̀ sọ pé àwọn ènìyàn kan wà tí ojú inú wọn ń yọ nǹkan kúrò láàárín ohun tó yí i ká, bí ẹni yọ òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé pẹ̀lú gbogbo àyíká rẹ̀ ni wọ́n ń rí i, wọn kì í lè tú u ká. Pak Hendarto ń pe àwọn ti àkọ́kọ́ ní ayọsọ́tọ̀, ó ń pe àwọn kejì ní awòpọ̀.

"Bu, ẹ óò rí i pé ayọsọ́tọ̀ máa ń ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé," ló wí. "Awòpọ̀ á ní ọ̀kan, bóyá méjì. Gbogbo èèyàn tó ti ṣe é ṣáájú yín, ibẹ̀ náà ló já sí. Ẹ má wulẹ̀ ṣe ara yín ní wàhálà."

Kò tíì tó ogójì ọdún. Ó máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

Bu Asih mú ìdánwò náà wá sí kíláàsì kẹjọ. Àwòrán ni, tí ìlà kún inú rẹ̀ bí okùn tó ta kókó. Àwòrán kékeré kan, bí onígun mẹ́ta tàbí àpótí, fara pamọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, iṣẹ́ ọmọ sì ni pé kó wá a rí kó fi pẹ́ńsù tẹ ìlà rẹ̀ kó dúdú.

"Bu, ṣé ìṣirò nìyí àbí tàwọn dókítà ojú?" Rizqon ló béèrè, ọmọ alápatà tó wà lẹ́bàá mọ́sálásí. Ẹnu rẹ̀ mú, orí rẹ̀ náà sì pé.

"Tó o bá rí i, tẹ̀ ẹ́. Tó ò bá rí i, panu mọ́."

"Bí mo bá rí ọmọńlé ńkọ́?"

"Fi í han ìyá ẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dorí kọ ìwé. Rizqon parí kí àkókò tó pé, ó wá ń ka àwọn ọmọńlé tó wà lára àjà. Yuni ni ọmọ tí àmì rẹ̀ kéré jù. Òun ni ọmọbìnrin tó jẹ́ pé bí o bá fẹ́ mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ní kíláàsì, ẹni tó gbé ìgbálẹ̀, tàbí ẹni tó ń bá ẹnì kan yan odì, òun ni wàá bi. Nínú ìdánwò náà, kò wá ohunkóhun tó fara pamọ́. Gbogbo ìlà tó wà nínú àwòrán ló tẹ̀ dúdú, dáradára, láìsí ibi tí ó yẹ̀. Ó rẹwà lójú. Àmì rẹ̀ kéré.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè ìṣirò. Bu Asih fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, inú rẹ̀ sì dùn sí i, nítorí pé ó ti sú u kí àwọn ọmọ wa máa ṣírò ọkọ̀ ojú irin tí wọn kò rí rí. Ohun tó kọ nìyí: obìnrin márùn-ún wà nínú ilé ìdáná níbi tí wọ́n ti ń múra fìdáù. Ìrẹsì wà lórí iná. Ọgọ́fà páálí oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ dì fún àwọn àlejò. Bí obìnrin kan bá ń di páálí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú mélòó ṣáájú kí àwọn àlejò tó dé ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dì í? Kọ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní yunifásítì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dára, wọ́n fọwọ́ sí i.

Rizqon kọ ogójì ìṣẹ́jú. Obìnrin márùn-ún, ọgbọ̀n páálí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ìgbà mẹ́rin, ó parí. Àádọ́ta ni Yuni kọ. Dípò ìgbésẹ̀, orúkọ ènìyàn ló tò sílẹ̀: Lik Tumini ń se ìrẹsì, Mbah ń fi ẹran sínú páálí, Lik Sarmi ń fi ata sí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lik ni à ń pe àbúrò ìyá tàbí ti bàbá ẹni. Mbah sì ni ìyá àgbà. Bí ẹni tó ń ka àwọn ará ilé rẹ̀ ló ṣe kọ ọ́.

Bu Asih pe Yuni sí ẹ̀yìn kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ. Ó gbé fóònù rẹ̀ sáàárín wọn kó lè gba ohùn wọn sílẹ̀.

"Yuni, ṣé o pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ kó o tó ṣírò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bu."

"Àbí o kàn ṣírò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bu."

"Èwo wá ni nínú méjèèjì?"

Yuni wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èyí tẹ́ ẹ bá ní kó jẹ́ náà ni, Bu."

"Kí ló dé tó o kọ orúkọ àwọn èèyàn?"

"Wọ́n wà níbẹ̀ ni, Bu."

Ọmọ wa kì í jiyàn pẹ̀lú olùkọ́. Bí olùkọ́ bá ní ọ̀sán ni òru, ọmọ yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò sì wá fìtílà. Bu Asih mọ èyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kún. Ó pa fóònù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé awòpọ̀ ni, pé ó ṣi ìṣirò ṣe, pé kò lè fi ohun tí kò kan ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kò sì lè to ìgbésẹ̀. Inú Pak Hendarto dùn. Ó ní iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní, kó máa kọ ọ́ lọ. Wọ́n dá ọjọ́ tí yóò wá dúró níwájú àwọn olùdánwò.

Kí ọjọ́ náà tó pé ni fìdáù ẹgbẹ̀rún ọjọ́ tí bàbá àgbà Yuni ti kú bọ́ sí. Ó ti rẹ Bu Asih. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ orí tó kẹ́yìn tán ni, ọrùn rẹ̀ kò sì ṣe é yí. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, bí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀ nílé ẹnì kan, gbogbo obìnrin ló ń lọ bá a dáná. Rewang ni à ń pè é. Ẹni tí kò bá lọ, òun nìkan ni yóò dá tirẹ̀ sè lọ́jọ́ tó bá kàn án. Ó wé ìborí rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ dání, ó lọ.

Mbah Ngatiyah, ìyá àgbà Yuni, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń pín iṣẹ́. Kì í béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ṣe. Ó wo Bu Asih láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bu Olùkọ́, ẹ̀wà tútù ni kẹ́ ẹ lọ gé. Ẹ má sún mọ́ ata."

"Kí ni mo fi ata ṣe, Mbah?"

"Ìgbéyàwó Sarmi ńkọ́? Àwọn àlejò fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi kànga tán."

"Mbah, ó ti pẹ́ tíyẹn ti ṣẹlẹ̀."

"Ọ̀fun wa ò tíì gbàgbé."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Bu Asih jókòó sórí ẹní láàárín wọn, ó ń gé ẹ̀wà tútù náà tòun tèèpo. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ yunifásítì, ìyẹn sì dùn mọ́ ọn. Yuni ń lọ, ó ń bọ̀. Ó gbé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá, ó sọ fún ẹnì kan pé àwo ti tán níwájú, ó gba ọmọ kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Lẹ́bàá ògiri, Lik Tumini jókòó ti ìkòkò ìrẹsì, ó ká ọwọ́ lé itan, ó ń wo ooru.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Àsárì, wọ́n ṣí páálí sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Iṣẹ́ náà ń falẹ̀. Ìyàwó tuntun kan wà níbẹ̀, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wa fẹ́ wá láti ìlú ńlá Surabaya. Ó wo yíká, ó rí Lik Tumini tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

"Lik, ẹ dákun, ẹ wá bá wa di páálí díẹ̀. Ṣebí ẹ kàn jókòó síbẹ̀ ni."

Ẹ̀rín bú jáde nínú ilé ìdáná láti igun dé igun.

"Ìyàwó, ṣé wọ́n máa ń pe ẹni ìrẹsì síbi páálí ní Surabaya?"

"Surabaya wo? Wọ́n máa ń ra oúnjẹ wọn ni."

Lik Tumini kò rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá dìde, tí ìrẹsì bá di ẹ̀kọ, orúkọ ta ni wọ́n máa pè? Tèmi àbí tìẹ?"

"Ẹ má bínú, Lik."

"Mi ò bínú. Mò ń se ìrẹsì."

Gbogbo ẹni tí wọ́n bí síbí ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá fi sídìí ìrẹsì, kò ní iṣẹ́ mìíràn títí àwọn àlejò yóò fi lọ. Kò ní dìde, wọn kò ní fi nǹkan mìíràn sí i lọ́wọ́. Bí ọmọ rẹ̀ bá ń ké, ẹlòmíràn ni yóò gbé e. Ó wà nínú ilé ìdáná, ṣùgbọ́n bí a bá ń ka ọwọ́ tó wà nílẹ̀, a kì í kà á mọ́ wọn.

Bu Asih náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún yẹ̀yẹ́ náà, ni ẹ̀rín bá kú mọ́ ọn lẹ́nu. Obìnrin márùn-ún wà nínú ilé ìdáná. Ìrẹsì wà lórí iná. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì kó àwọn márùn-ún lọ sídìí páálí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, páálí mẹ́rìnlélógún ni ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọgọ́fà á sì gba àádọ́ta. Ìyàwó tuntun ní àwíjàre, Surabaya ló ti wá. Òun ńkọ́?

Ó gé ẹ̀wà tó kù tán. Kò yára. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ bá Yuni ní ẹ̀yìn ilé níbi tó ti ń fọ àwo.

"Yuni, ìbéèrè páálí ọjọ́sí. Ta lo yọ kúrò nínú wọn?"

"Ẹni ìrẹsì, Bu."

"Kí ló dé tó ò kọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́. Mo ní Lik Tumini ń se ìrẹsì."

Bu Asih jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Nígbà tí mo wá bi ẹ́, kí ló dé tó ò ṣàlàyé?"

Yuni dá ọwọ́ dúró nínú ọṣẹ. Ó wo olùkọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí ìbéèrè náà ti ń bọ̀. "Mo rò pé ẹ mọ̀ ni, Bu. Ṣebí ará ibí ni yín."

Nígbà tí wọ́n padà sí ilé-ẹ̀kọ́, Bu Asih fún un ní òmíràn. Ó yọ gbogbo ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀pá omi márùn-ún ló ń da omi sínú àgbá kan, ọ̀kan nínú wọn ti dí. Àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Yuni tẹjú mọ́ ìwé náà títí. Rizqon ìbá ti ṣe é tán, ìbá sì ti wá wàhálà mìíràn fà. Yuni fi pẹ́ńsù gba eyín, ó yí ìwé náà padà, ó tún un yí.

"Bu, ta ló ni omi náà?"

"Kò sẹ́ni tó ni ín, Yuni. Ọ̀pá omi lásán ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bu."

Títí aago fi lù, kò kọ ohunkóhun. Nítorí náà, irọ́ kọ́ ni Pak Hendarto pa. Awòpọ̀ ni ọmọ náà lóòótọ́. Bí o bá yọ nǹkan kúrò láàárín àwọn tó ni ín, kò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fi í sílẹ̀ sáàárín wọn, ó pín in, ó tò ó, ó sì rí ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì fọwọ́ sí láìrí. Òótọ́ ni méjèèjì. Ohun tí Bu Asih ti ń wá kiri láti ọdún mẹ́rin wá nìyẹn, ó sì dé nígbà tí kò sí àyè fún un mọ́.

Ó gbé e lọ bá Pak Hendarto lọ́jọ́ Sátidé. Òjò lù ú lọ́nà. Omi ṣì ń jáde lára bàtà rẹ̀ nígbà tó jókòó. Dókítà náà gbọ́ ọ títí dé òpin láìwo fóònù.

"Mo gbà yín gbọ́, Bu. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ìbéèrè yín ló ní àṣìṣe, kí la fẹ́ ṣe sí gbogbo àwọn ọmọ yòókù tẹ́ ẹ fi í wọ̀n?"

"Èmi náà ti rò ó, Dókítà."

"Ṣé ọmọ mìíràn wà tí àmì rẹ̀ kéré?"

"Wulan wà. Ó kàn ro gbogbo nọ́ńbà pọ̀ mọ́ ara wọn ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi Wulan rọ́pò Yuni. Awòpọ̀ ni, kò rí i ṣe, ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè."

"Yuni wá ńkọ́?"

"Ẹ ò pa ọmọ náà, Bu. Ẹ kàn yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ni." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ méjèèjì. "Ìwádìí tuntun nìyí tẹ́ ẹ gbé wá, kì í ṣe àtúnṣe. Ó dáa, àmọ́ ó máa gbà tó ọdún kan. Ẹ ò sì ní ọdún kan. Àwọn tí mò ń bójú tó pọ̀, mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gboyè lọ. Ó ti rẹ̀ yín. Èmi náà, ó ti rẹ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ìkà nínú. Ìyẹn gan-an ló mú kó ṣòro.

Bu Asih fi Yuni sílẹ̀ nínú ìwé náà. Ó kọ ọ́ pé àádọ́ta ni ìdáhùn tó tọ́ ní Sumberlor, pé òun tó kọ ìbéèrè ló fi ẹni ìrẹsì sídìí páálí, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ọ̀pá omi náà sí i. Níwájú àwọn olùdánwò, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan ṣí ojú ewé náà, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Bu, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún wa pé òṣùwọ̀n yín wọ́. Ṣé ká wá fún òṣùwọ̀n tó wọ́ ní oyè?"

"Rárá, Prof."

"Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

"Mi ò mọ̀, Prof. Ohun tí mo rí ni mo kọ."

Wọ́n ní kó bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n pè é padà, wọ́n ní àwọn óò jẹ́ kó yege bí ó bá mú ìwé náà padà wá kí sáà tó parí, pẹ̀lú ọmọ mìíràn ní ipò Yuni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Pak Hendarto bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì di ọwọ́ náà mú pẹ́ díẹ̀.

Àwọn kan ń sọ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa pé oríkunkun ló fà á tí kò fi mú ìwé náà padà lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbìyànjú. Ó pe Wulan jókòó, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè, Wulan sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Bu. Ó padà sílé láti kọ ọ́ jáde. Ó tẹ ojú ewé kan. Irọ́ náà kò kéré níṣẹ́: ó fẹ́ kí a tún orí mẹ́ta kọ, kí a yí gbogbo ibi tí a ti dárúkọ ọmọ náà, kí a fi ọ̀rọ̀ kan bo òmíràn mọ́lẹ̀ kó má bàa hàn. Òtítọ́ ti wà nílẹ̀ tán, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Ó sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún sùn. Sáà parí bí òjò ti ń dá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ìgbà tó dá.

Mo bi í lẹ́yìn náà bóyá ó ń dùn ún.

"Ó ń dùn mí," ni ó wí. "Àmọ́ mo ń sùn lọ́jọ́ Sátidé."

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà ti wọ kíláàsì kẹsàn-án, Bu Asih sì kọ ìbéèrè páálí náà sára pátákó fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi gbólóhùn kan kún un: ọ̀kan nínú wọn wà nídìí ìrẹsì. Lẹ́yìn náà, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó kọ ìbéèrè ọ̀pá omi, ó sì ní kí wọ́n sọ ohun tí méjèèjì fi jọ ara wọn. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì.

Rizqon ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. "Bu, ẹni ìrẹsì yìí, tí ìrẹsì bá ti jiná, ṣebí ó lè wá ràn wọ́n lọ́wọ́?"

Láti ẹ̀yìn kíláàsì, láìnawọ́ sókè, Yuni dá a lóhùn. "Ìgbà wo ni ìrẹsì máa ń jiná tán? Ìwọ kàn máa ń jẹ ẹ́ ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bu Asih dúró kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀.

"Yuni, wá síbí. Wá fi ọ̀pá omi náà hàn wá. Èwo nínú wọn ló wà nídìí ìrẹsì?"

Ọmọbìnrin náà jáde wá síwájú, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó sì dúró níwájú pátákó. Ó dúró pẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ kò wo aago. Nígbà tó yá, Yuni gbé ọwọ́ sókè, ó kọ orúkọ Lik Tumini sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá tó dí, ó wẹ̀yìn wò bóyá wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.